Ilé Tó Ń Mí

Ọkùnrin kan fi etí lé ara ogiri, ó dijú pa, ó ń fi ìka gbá a pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń jí ọ̀rẹ́ tó sùn lọ. Bí agbẹ̀bí ṣe bá a nìyẹn nígbà tó ti géètì tó ti dípẹtà wọlé. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, aṣọ funfun ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ó wí. "Ṣé ogiri yẹn ti ń fèsì?"

Ọkùnrin náà ò lajú. "Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu agbẹ̀bí, àmọ́ ó gbé e mì. Òun náà mọ irú iṣẹ́ yẹn. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi etí sí ikùn aláboyún, kò sì sí ọjọ́ tí kì í bẹ àwọn ará ilé aláboyún pé kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí òun lè gbọ́ ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ló bá dúró, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ń wo ọkùnrin tó ń gbọ́ tẹnu ogiri.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà lajú. Ojú náà tutù, ó sì dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

"Kò ṣàìsàn," ó wí. "Ó kàn dàgbà ni. Ẹ̀yin ni agbẹ̀bí tó pè mí?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin ni Adíyelé?"

"Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo ní orúkọ míì nílé, àmọ́ ó ti gbàgbé mi."

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Adíyelé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé á ní kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kó sì sọ iye tó tó gan-an, kí oníyẹn má bàa da òógùn ọjọ́ pípẹ́ sínú ihò. Agbẹ̀bí sì nílò rẹ̀ lójú méjèèjì. Nínú ìdílé tiwọn, látorí ìyá ìyá rẹ̀ títí dórí òun alára, kò sẹ́ni tó ra ilé rí. Ayálégbé ló bí i, ayálégbé lòun náà. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Bó ṣe ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ohun kan ló ń dẹ́rù bà á: kí lèèyàn ń wò tó fi ń mọ iye tí ilé tó? Ẹ̀wù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Bàtà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ilé ńkọ́?

Ilé yìí sì ti wọ̀ ọ́ lójú tipẹ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó dá dúró níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà, ìtàkùn gun orí páànù rẹ̀ bí irun tí wọn ò gẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ọgbà: ILE TITA. Lábẹ́ rẹ̀, A O KO GBOGBO OHUN TO WA LORI RE KURO. Lábẹ́ ìyẹn, nọ́ńbà fóònù. Kò sí àmì lókè ọ̀rọ̀, kò sí nísàlẹ̀, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà tí a bá rò pé gbogbo ayé mọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí ọkùnrin, tó ń ta àlòkù mọ́tò, tí gbogbo ilé ń pè ní Bùrọ̀dá, ló pe nọ́ńbà náà. "Èló lẹ ń tà á?" Bàbá kan dárúkọ iye. "Ṣé kò ní já wálẹ̀ díẹ̀?" Bàbá náà pa fóònù. Ìdúnàádúrà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye náà sì kéré débi pé Bùrọ̀dá ro pé etí òun ló ń tan òun jẹ.

"Kí ló wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó kúrò?" Adíyelé béèrè, ó gbójú sókè.

"Ìtàkùn yẹn ni, àbí?"

"Ó lè jẹ́ òun." Àmọ́ ó tún un wò.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n wọlé. Eruku ló kọ́kọ́ kí wọn. Ogiri nípọn débi pé ojú fèrèsé tó èèyàn jókòó sí. Láàárín ilé, àtẹ̀gùn onípákó gbéra nílẹ̀, ó ń yí po bó ṣe ń lọ, títí ó fi sọnù sínú òkùnkùn òkè.

"Ẹ lọ dúró sí ìdajì rẹ̀," Adíyelé wí. "Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má mira."

"Ẹ fẹ́ díye lé èmi náà ni?"

"Ẹ ṣáà dúró."

Ó gun òkè kọjá lára rẹ̀, agbẹ̀bí gbọ́ tí fèrèsé kékeré kan ké lábẹ́ òrùlé. Ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan. Agbẹ̀bí ti fẹ́ fi í ṣàwàdà nígbà tí òwú aláǹtakùn tó wà níwájú rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù kan gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gba etí aṣọ rẹ̀ gòkè, ó kan ọrùn rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ sókè. Àwọn ilẹ̀kùn òkè rọra ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé náà fa èémí sínú, ó dá a dúró díẹ̀, ó sì tú u jáde, hùùùù, bí ẹni tó ti ń retí àlejò láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó ń mí," agbẹ̀bí wí.

Èémí àkọ́kọ́ àwọn ọmọ tó ti gbọ́ ò ṣeé kà, kò sì tíì sú u rí. Gbogbo ìgbà lara rẹ̀ ń bù ṣìn-ìn. Ohun tó tún ń ṣe é nìyí, lórí àtẹ̀gùn ilé onílé.

"Àtẹ̀gùn yìí, atẹ́gùn ni wọ́n kọ́ ọ fún," Adíyelé wí nísàlẹ̀. "Àwa èèyàn kàn ń bá a yá a lò ni. Mo ti wo ilé, mo ti wo ilé, mi ò tíì bá irú èyí pàdé."

Agbẹ̀bí wò ó. Ọkùnrin náà ti gbójú kúrò lára ilé. Òun ló ń wò.

Látọjọ́ náà ni ìbẹ̀wò ò ti tán mọ́. Adíyelé ní òun gbọ́dọ̀ rí ilé náà láàárọ̀ kùtù, wọ́n lọ láàárọ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí i lójú òjò, wọ́n lọ lójú òjò, wọ́n gbé korobá kiri inú yàrá, omi ò kán sí ìkankan. Ó tún ní ó ku ọ̀sán gangan.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń pààrà gbogbo ilé?" agbẹ̀bí bi í.

"Rárá o."

"Kí ló wá dé sí tèyí?"

"Tèyí ò le rárá. Ẹni tó fẹ́ rà á ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Adíyelé sì ti fún un lórúkọ. Onílé mi ló ń pè é.

"Onílé mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó wí lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sójú fèrèsé náà.

"Mi ò tíì ra ilé o."

"Ta ló ń sọ ti ilé? Àyà mi ni mo ní o ti kó wọ̀. O ò tiẹ̀ béèrè iye tí mò ń tà á."

"Màá ná an," agbẹ̀bí wí, ó gbé orí lé e léjìká. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ jáde.

Ìyá rẹ̀ ò bẹ̀rù ní tiẹ̀. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń díye lé ilé, Màmá."

"Ilé tiẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò bi í."

"Tètè bi í."

Ọjọ́ tí Adíyelé wá jíṣẹ́ ohun tó rí, Bùrọ̀dá ti wà níkàlẹ̀ nínú yàrá wọn, ó na ẹsẹ̀ bí adájọ́. Adíyelé kí ìyá, ó kí Bùrọ̀dá, ó jókòó sétí àga.

"Ilé náà tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pè," ó wí. "Owó kékeré yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ni ín ò lè ṣàì mọ̀. Onílé mi, má tíì san ohunkóhun. Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí bàbá náà lójúkojú."

Bùrọ̀dá pòṣé. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọjà ò wọ́n, ó ń bínú pé ọjà ò wọ́n! Ẹni tó ń tà á lè má mọ nǹkan kan. Ìyẹn kàn wá? Àbúrò mi, ọ̀gbẹ́ni yìí ń sọ pé kó o rọra, kí òun lè sáré lọ san tiẹ̀ ni."

"Bùrọ̀dá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n bi í," ìyá wí. "Ọmọ mi, níbo ni ìwọ alára ń gbé?"

Adíyelé wo ilẹ̀. "Yàrá kan, Màmá. Mo yá a gbé ni."

"Adíyelé tí ò nílé!" Bùrọ̀dá na ọwọ́ sókè. "Ẹ ò rí i? Gbogbo ilé tí ẹ fọwọ́ kàn ló ń wọ̀ yín lójú!"

Agbẹ̀bí yíjú sí i. Kò fẹ́ béèrè, àmọ́ ìbéèrè náà ti bọ́. "Ṣé ilé yìí wù ọ́ fún ara rẹ?"

Ì bá parọ́. Irọ́ kékeré kan péré ì bá mú ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. "Ó wù mí," Adíyelé wí. "Ó wù mí gan-an ni."

"Máa lọ ná," agbẹ̀bí wí. Adíyelé dìde, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe kí wọn nígbà tó dé, ó sì lọ. Agbẹ̀bí ò sunkún. Ó kàn ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà ara ọgbà. "Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo fẹ́ ra ilé tó wà ní kọ́nà yẹn. Mo ti ṣe tán."

"Ó dáa, ọmọ mi. Àwọn tó máa wó o ń bọ̀ ní Mọ́ńdè."

"Wó kí ni, sà?"

"Ilé yẹn ni. Ṣé o ò ka ohun tí mo kọ ni? Ilẹ̀ títà. A ó kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò."

Ohùn bàbá náà já wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀, ọkàn agbẹ̀bí sì bá a já wálẹ̀. Ìtàkùn kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó kúrò. Ogiri ni. Fèrèsé tí òun àti Adíyelé jókòó sí ni. Àtẹ̀gùn àti atẹ́gùn ni.

Bùrọ̀dá fò sókè nígbà tó gbọ́. "Ó ti bọ́ sí i! Sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, pé ìwọ alára máa wó o. Á ta ilẹ̀ fún ọ, ilé á di èènì!"

Èènì. Agbẹ̀bí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Adíyelé. Kò wá síbẹ̀ rí. Yàrá náà kéré, ó mọ́ tónítóní, àwòrán ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sì bo orí tábìlì: ilé àwọn ẹlòmíì, ọ̀kan lórí ọ̀kan.

"Má bínú sí mi," agbẹ̀bí wí kó tó jókòó. "Mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gún ọ."

"Ó ti jinná. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ròyìn rẹ̀ fún un. Adíyelé gbọ́ ọ dópin, ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ilẹ̀," ó wí. "Èmi tí mò ń fetí sí ogiri, mi ò gbọ́ ti ara ọgbà."

"Bí mo bá ṣe bí Bùrọ̀dá ṣe wí ńkọ́?"

Adíyelé to àwọn àwòrán orí tábìlì jọ. "Ìwọ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Bí o bá ní kí n panu mọ́, màá pa á mọ́. Àmọ́ bí bàbá yẹn bá bi mí, tí mo bá ní kò tó nǹkan, mi ò mọ bí màá ṣe tún wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́."

Agbẹ̀bí jókòó tì í. Gbogbo ohun tó ti ń fẹ́ láti kékeré wà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ tó o, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní láti pa dé. Ó rò ó títí.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí. "Tí mo bá ní kò já mọ́ nǹkan kí n tó lè rà á, lọ́jọ́ tí mo bá wọ inú ẹ̀, kí ni màá máa pè é?"

Adíyelé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oòrùn tó ń yọ.

Kí Mọ́ńdè tó dé, wọ́n ti mú bàbá náà wá. Atukọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó gbẹ, ó ń rìn bíi pé ilẹ̀ fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí bá wọn wá, Bùrọ̀dá náà tẹ̀ lé wọn, ó ń kùn. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá mi ló kọ́ ọ," ó wí. "A jà torí pé mo fẹ́ lọ sójú omi. Látìgbà yẹn, mi ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n wá wò?"

"Ẹ dúró sí ìdajì àtẹ̀gùn, sà," agbẹ̀bí wí. "Ẹ má mira."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí fèrèsé òkè, Adíyelé ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Wọ́n dúró. Ilé náà fa èémí. Ewú orí bàbá náà dìde fẹ́ẹ́rẹ́, etí ẹ̀wù rẹ̀ rọra gbéra, àwọn ilẹ̀kùn òkè ń ṣí bí ìgbà tí àwọn èèyàn ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Hùùùù. Bùrọ̀dá tó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ gbàgbé rẹ̀ ní lílà.

Bàbá atukọ̀ fìdí lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ó máa ń sọ pé òun kọ́ ilé tó ń mí," ó wí. "Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo rò pé bí gbogbo ilé ayé ṣe rí nìyẹn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ọ̀gbẹ́ni, èló ló tó?"

"Ẹni yìí ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, sà. Òun ni kẹ́ ẹ bi."

Bàbá náà yíjú sí agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí wo òkè àtẹ̀gùn, ó sì dárúkọ iye tí Adíyelé sọ fún un gan-an, kò yọ nínú rẹ̀, kò fi kún un.

"Àbúrò mi ti pa mí," Bùrọ̀dá wí, ó gbá orí mú.

"Ṣé o ní iye yẹn?" bàbá náà béèrè.

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé tó o pè é?"

"Iye tó tó lẹ bi mí, sà. Ẹ ò bi mí ní iye tó wà lọ́wọ́ mi."

Bàbá náà wò ó, wò ó. Adíyelé wúkọ́. "Tèmi wà níbẹ̀," ó wí. "Ohun tí mo ti ń fi pamọ́. Tá a bá pa á pọ̀ mọ́ tiẹ̀, ó máa tó o."

"Rárá!" Agbẹ̀bí fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní torí ilé ni mo ṣe fẹ́ ọ."

"Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n ní torí ilé ni mo ṣe wá ọ. Bùrọ̀dá tiẹ̀ ti ń wí i."

"Kí ló wá dé tó o dá a lábàá?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúró kí n máa wò ọ́ tó o pàdánù ẹ̀, olólùfẹ́ mi."

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì." Ìyá ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ṣé ilé lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí ara yín? Ẹ dá mi lóhùn. Ká ní wọ́n wó o ní Mọ́ńdè, tí kò ku bíríkì kan, ṣé ẹ ó ṣì fẹ́ra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ẹnu wọn bọ́ sí i pa pọ̀.

"Níbo lẹ ó máa gbé?"

"Yàrá mi," Adíyelé wí.

"Ṣé o ti rí yàrá ọ̀hún?" ìyá bi ọmọ rẹ̀.

"Mo ti rí i. Ó kéré bí àpótí. Màá gbé ibẹ̀."

Ìyá wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ó tán nìyẹn," ó wí. "Ẹ lọ ra ilé."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Bùrọ̀dá ti jókòó ti bàbá atukọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣàlàyé wàhálà tó wà nínú gígé ìtàkùn kúrò lórí páànù, pé ó yẹ kí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú iye náà torí rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó yọ díẹ̀. Títí di òní, bí Bùrọ̀dá bá ń sọ ìtàn náà, òun ló ra ilé.

Wọ́n ṣègbéyàwó wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì kó wọlé lọ́sẹ̀ kan náà. Ìyá ló gba yàrá tó kọjú sí títì. Nígbà tó di ọ̀sán, agbẹ̀bí kíyè sí i pé wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ó gòkè lọ wò ó. Ó bá a tó dúró níwájú ogiri, ó gbé aago há abíyá, òòlù wà lọ́wọ́ kan, ìṣó lọ́wọ́ kejì.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ gbé aago yìí kọ́." Ìyá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta la máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀?"

Adíyelé tó ń gbé àpótí bọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rọra sọ àpótí náà kalẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ogiri náà: ó funfun, ó gbòòrò, kò sí ohun kan lára rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá," agbẹ̀bí wí jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́nì kankan," ìyá tún un wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Ó fi ẹnu ìṣó kan ogiri, ó sì gbé òòlù sókè.